Ìjàpá Alága àti Ìkòkò Àjùmọ̀ní

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Ẹkùn alámì tótòtó, ó dá lórí ìkòkò ọbẹ̀ kan tó kún níbi tí wọ́n ti gbé e sọ́nà, tó sì ṣófo níbi tí wọ́n ti fẹ́ jẹ ẹ́.

Ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaró títí dé Ayétòrò, láti Ìmẹ̀kọ títí dé Ìpókíá, kò sí ẹranko tó ya ọ̀lẹ. Eèrà ń ro oko ẹ̀gẹ́. Ìyàwó Ọ̀yà ń lọ ẹ̀gẹ́, ó ń yan gàrí. Ọ̀yà fúnra rẹ̀ ní òun ń bójú tó oko, àmọ́ eyín ló fi ń bójú tó o. Ìgbín ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òkété ní tirẹ̀ mọ gbogbo ihò tó gba abẹ́ ààlà kọjá lọ sí ilẹ̀ Kútọnu. Fàyàwọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sì fi ṣe àṣírí fún ẹnikẹ́ni.

Ààlà tí mo wí yìí, kì í ṣe ẹranko ilẹ̀ Yewa ló fà á. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, ẹyẹ òkun méjì, ọ̀kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èkejì láti ilẹ̀ Faransé, jókòó ti ìwé kan nílùú òyìnbó, wọ́n fi ẹnu wọn gígùn fa ìlà. Nígbà tí ìlà náà balẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa, Kétu bọ́ sọ́wọ́ kan, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ kejì. Ní Ìlárá, ẹlòmíràn a sùn sí ìhà kan, oko rẹ̀ a wà ní ìhà kejì. Bó bá fẹ́ lọ wa iṣu, ó ti lọ sókè òkun nìyẹn.

Ilẹ̀ náà kò tòṣì rárá. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ Ìbẹ̀sè, òkúta ẹfun ló tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní ọdún 2012 ti dàgbà débi pé ó lè ṣe mílíọ̀nù 12 tọ́ọ̀nù lọ́dún kan. Tírélà ń kó o lọ kọ́ ìlú onílùú. Eruku ni wọ́n ń dá padà. Kòtò kan wà lójú títì níbẹ̀ tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Ọ̀pọ̀lọ́ fi bí ọmọ mẹ́ta sínú rẹ̀, tó sì fi orúkọ kánsẹ́lọ̀ mẹ́ta sọ wọ́n. Ní ibodè Ìdí-Ìrókò, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ń gba owó ẹrù. Owó náà kì í dúró mu omi nílẹ̀ Yewa, Àbújá ló ń gbà lọ tààrà.

Ẹ ó bi mí pé, ilẹ̀ tó ní gbogbo èyí, kí ló ṣe é tí kànga rẹ̀ gbẹ, tí àpótí oògùn ilé ìwòsàn rẹ̀ sì di ilé aláǹgbá? Ẹ fara balẹ̀, ibẹ̀ ni mò ń lọ.

Bí wọ́n ṣe ń pín oúnjẹ nínú igbó ńlá náà nìyí. Kìnnìún, ọba igbó, kó gbogbo nǹkan jọ sínú agbada kan l'Ábújá. Lóṣooṣù, bí wọ́n bá ti yọ ti àwọn tó ni ilẹ̀ epo kúrò, wọ́n á pín ìyókù sí ọ̀nà 100. Kìnnìún á bu 52.68. Àwọn Ẹkùn, mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n, á bu 26.72. Àwọn agbo kéékèèké, 774, tí a ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀, ló ni 20.60 tó kù. Ẹkùn wa ń jókòó sí Abẹ́òkúta, ó fẹ̀yìn ti àpáta Olúmọ; wọ́n ya igbó Ògùn sọ́tọ̀ ní 1976, wọ́n sì ń pín in wẹ́lẹwẹ̀lẹ títí agbo 20 fi wà lábẹ́ rẹ̀, márùn-ún nínú wọn sì wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa: Àríwá Yewa, Gúúsù Yewa, Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n, Ìpókíá, àti Adó-Odò pẹ̀lú Ọ̀tà.

Òfin igbó, èyí tí wọ́n kọ ní 1999, ní abala 162, wá sọ pé ìpín àwọn agbo kéékèèké gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ilé ìdáná Ẹkùn, kí wọ́n dà á sínú ìkòkò kan ṣoṣo, kí wọ́n tó bù ú fún olúkúlùkù. Ìkòkò Àjùmọ̀ní ni wọ́n ń pè é. Àwọn 20 ló jọ ni ín, àmọ́ abẹ́ ìjókòó Ẹkùn ni ìdérí rẹ̀ wà.

Bí ìkòkò bá ti dé, Ẹkùn á yọ owó àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó dára. Á yọ owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Ó dára. Á yọ ìpín àwọn ọba. Kò burú. Lẹ́yìn náà, á yọ èyí tí kò lórúkọ. Èyí tí kò lórúkọ yìí ni kì í jẹ́ kí ìkòkò dé ilé pẹ̀lú ọbẹ̀. Ẹ bá mi gbe orin yìí:

Lílé: Ìkòkò kúrò l'Ábújá o.
Ègbè: Ó ń yí gbirigbiri.
Lílé: Ó kún dẹ́nu, ó ń ta sílẹ̀.
Ègbè: Ó ń yí gbirigbiri.
Lílé: Ó dọ́dọ̀ Ẹkùn, ó yà síbẹ̀.
Ègbè: Ó ń yí gbirigbiri.
Lílé: Olùkọ́ bù ú, ọba bù ú,
Aláìlórúkọ bù ú tì.
Ègbè: Ó ń yí gbirigbiri.
Lílé: Ó wá d'Áyétòrò nírọ̀lẹ́ o.
Ègbè: Ó ń yí gbirigbiri.

Ọmọ kan nínú àwọn tó ń gbe orin béèrè pé, "Bàbá, ṣé ìkòkò tó kún ń yí?" Ọmọ yìí gbọ́n ju ọ̀pọ̀ kánsẹ́lọ̀ lọ. Ìkòkò tó kún kì í yí. Òfìfo ní ń yí, òun náà ní ń pariwo.

Nígbà tó tó àkókò láti yan alága káńsù, Ẹkùn ní kí wọ́n mú àwọn tó fẹ́ ipò wá kí òun wò wọ́n. Wọ́n fa Ẹtù kalẹ̀, arẹwà, ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ́. Ẹkùn ní, "Ojú rẹ̀ ti tóbi jù. Ẹni tó lójú báyìí, yóò máa wo nǹkan." Wọ́n fa Ehoro kalẹ̀. Ẹkùn ní, "Etí yìí ńkọ́? Gbogbo ohun tí a bá sọ ní yàrá ni yóò gbọ́." Wọ́n fa Ọ̀bọ kalẹ̀, ẹni tó ka ìwé ìṣirò owó ní Pólì Ìlaró. Ẹkùn ní, "Ìṣirò kẹ̀?" Ó ní kí wọ́n bá òun sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà náà ni Ìjàpá wọ́ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Àbí ta ló mọ̀gbà tí Ìjàpá dọ̀bálẹ̀ àtìgbà tó dìde? Ó ní, "Ọlọ́lá jùlọ, ẹ dán mi wò."

Ẹkùn ní, "Bí wọ́n bá ń ka iye owó tó wọlé níwájú rẹ ńkọ́?"

Ìjàpá kó orí sínú.

"Bí àwọn ará ìlú bá ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?"

Ìjàpá kó ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú.

"Bí a bá wá fẹ́ kí o fọwọ́ síwèé ńkọ́?"

Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló yọ síta, ó ń ta ràrà nílẹ̀, ó ń wá kálàmù.

Ẹkùn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Èyí gan-an ni Elédùmarè dá fún iṣẹ́ yìí."

Bí Ìjàpá ṣe di alága nìyẹn o. Wọ́n fún un ní ọkọ̀ jíìpù dúdú, wọ́n fún un ní ẹ̀ṣọ́ méjì. Lóṣooṣù ni yóò lọ sí Abẹ́òkúta fún ìpàdé. Wọ́n á ka ìwé, yóò kó orí sínú. Wọ́n á ka ìwé tán, ọwọ́ yóò yọ, yóò fọwọ́ sí i. Wọ́n á wá kó igbá kékeré kan lé e lọ́wọ́, wọ́n á ní ti ọkọ̀ ni. Ìjàpá á dé ilé, á sọ fún ìlú pé, "Ẹ ní sùúrù, ìpín oṣù yìí kò tóbi."

Ṣùgbọ́n alága tí kò ṣe iṣẹ́ àkànṣe, ẹnu yóò kùn ún. Yánníbo lọ fi orúkọ ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀, Ìjàpá sì gbé kọ́ńtíráátì ẹ̀rọ omi fún un. Wọ́n gbé páálí ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, àwòrán Ẹkùn wà lórí rẹ̀, àwòrán Ìjàpá wà lábẹ́ rẹ̀, orin ìyìn wà láàárín. Lẹ́yìn páálí náà ni ẹ̀rọ omi wà, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá páálí wó. Ìyá Ẹtù gbé kẹ́ẹ̀gì lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Ó fi gbogbo ara tẹ ọ̀pá ẹ̀rọ náà, ọ̀pá ní "kẹ́ẹ́ẹ́", afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde, ó fẹ́ gèlè lórí rẹ̀. Àwọn oníròyìn ya fọ́tò. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo wà nínú fọ́tò náà, àmọ́ ibi tí omi yẹ kó ti yọ ni wọ́n fi ọwọ́ Ìjàpá bò.

Ìjàpá kò tíì jókòó gbóná lórí àga tí Kìnnìún fi ti ilẹ̀kùn ààlà pa. Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni. Ó ní ìrẹsì ń wọlé lọ́nà ẹ̀bùrú, epo sì ń jáde lọ́nà ẹ̀bùrú. Òtítọ́ ni; ẹ bi Òkété. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún náà, àṣẹ mìíràn tún dé pé ilé epo èyíkéyìí tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà, wọn kò gbọdọ̀ gbé epo bẹntiróòlù lọ síbẹ̀ mọ́.

Ẹ wo ìyàwó Ọ̀yà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gẹ́ tó ti bó wà nínú agbọ̀n mẹ́ta. Ó fa okùn ẹ̀rọ ìlọ̀ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ húkọ́. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ pòṣé. Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, okùn já mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí oòrùn fi máa yẹ àtàrí, ẹ̀gẹ́ ti ń ṣú, eṣinṣin ti dé. Ó rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ Òkété, Òkété gbé jẹ́ríkàn kan jáde láti inú ihò, ó bu owó gọbọi lé e. Ìyàwó Ọ̀yà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ilé epo Kútọnu lẹ ti rà á ni?" Òkété ní, "Ìyàwó wa, ìlú wa náà ni mo ti rà á. Ihò ló gùn sí i."

Kìnnìún ṣí ẹnubodè mẹ́rin ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2020: Sẹ̀mẹ̀, Illela, Maigatari àti Mfum. Ìdí-Ìrókò kò sí nínú wọn. Ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó tún lè ṣí. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, Kìnnìún ló ti ilẹ̀kùn, Ẹkùn kò kan ilẹ̀kùn, Ìjàpá kó orí sínú. Kí wọ́n má baà ní kò ṣe nǹkan, ó pín ìrẹsì gẹ́gẹ́ bí ìrànwọ́, agolo méjì fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bi mí bí ìrẹsì náà ṣe wọ ìlú. Ihò Òkété ló gbà.

Nígbà tó pẹ́, àwọn ẹranko péjọ sábẹ́ igi ìrókò kan ní Ìlaró. Ìgbín ló dìde. Ó ní, "Alága, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mi ò bínú o, olùkọ́ ni mí, ìbéèrè ni iṣẹ́ mi. Èló ló ń dé fún wa lóṣù?"

Ìjàpá ní, "Olùkọ́, ẹ lọ bi Ẹkùn." Wọ́n lọ bi Ẹkùn, Ẹkùn ní, "Ẹ lọ bi Kìnnìún, òun ló ń pín in." Wọ́n lọ bi Kìnnìún, Kìnnìún ní, "Èmi ti pín in tán. Ẹ lọ bi alága yín." Ọdún kan àbọ̀ ni Ìgbín fi rin ìrìn náà, nítorí ẹ mọ bí Ìgbín ṣe ń rìn.

Bó ṣe rí nìyí títí di oṣù karùn-ún ọdún 2024. Lọ́jọ́ kan, Kìnnìún bínú. Àwọn kan ní ìlú ló káàánú; àwọn mìíràn ní Ẹkùn ló ti ń sanra jù. Èyí tó wù kó jẹ́, Lateef Fagbemi, Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba Àbújá, pe gbogbo Ẹkùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, níbi tí àwọn Òwìwí àgbà tí kì í sùn lóru ń jókòó sí. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje, Òwìwí dájọ́. Ó ní kò bófin mu kí Ẹkùn máa di owó agbo kéékèèké mú. Ó ní kí wọ́n máa san án fún wọn tààrà. Ó ní agbo tí kò bá ní alága tí ìlú dìbò yàn, tó jẹ́ pé Ẹkùn kàn gbé ẹnì kan jókòó síbẹ̀, kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀.

Áà, ayọ̀ yẹn! Ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sọ ní Ìmẹ̀kọ. Ọ̀yà jó títí ó fi gbàgbé pé àárín oko ẹ̀gẹ́ Eèrà lòun wà. Ẹkùn nìkan ni kò jó. Ó jáde síta, ó fọ ọ̀fun, ó ní, "Ẹ ń jó. Ta ni yóò san owó Ìgbín?"

Ìlù dákẹ́.

Ẹkùn kò purọ́ nínú èyí. Àwọn tó dàgbà rántí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti yọ owó olùkọ́ nínú ìpín l'Ábújá, alága káńsù a kàn gbé ọwọ́ òfo relé; "zero allocation" ni wọ́n ń pè é, ìlú a gbẹ fúrúfúrú. Bí káńsù kan bá ní olùkọ́ púpọ̀ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ìkòkò tí wọ́n jọ ní lè ràn án lọ́wọ́. Ìgbín mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ní, "Ọlọ́lá jùlọ, ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi. Ẹ yọ owó mi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká rí i. Èyí tí kò lórúkọ yẹn là ń béèrè. Èmi kọ́ ló ń jẹ ẹ́." Ẹkùn wò ó lókè wò ó nílẹ̀, ó wọlé.

Ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n dìbò káńsù ní gbogbo igbó Ògùn. Agbo 20 ló wà, 20 ni ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kó. Ní ti agbo inú àlọ́ mi, Eèrà wà lóko lọ́jọ́ náà. Ehoro ní òun kì í dá sí ìṣèlú. Ọ̀bọ ní wọ́n ti kọ èsì sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà òun kò lọ wò bóyá wọ́n kọ ọ́. Ọ̀yà lọ ní tirẹ̀; wọ́n fún un ní iyọ̀ páálí kan àti ẹgbẹ̀rún náírà méjì, ó sì dìbò pẹ̀lú ìtara. Ta ni wọ́n kéde? Ìjàpá.

Ní ayé tiwa, oṣù gorí oṣù lẹ́yìn ìdájọ́ tí wọ́n ṣì ń jiyàn lórí irú àpò tí káńsù yóò ṣí àti ilé ìfowópamọ́ tí yóò ti ṣí i. Àlọ́ yá ju ìjọba lọ. Nínú àlọ́ mi, ìkòkò dé.

Ó ti Àbújá dé Ayétòrò láìyà níbì kankan, ó kún dẹ́nu, òórùn ata rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Wọ́n gbé e ka iwájú Ìjàpá. Àwọn ẹranko wò ó, wọ́n gbé itọ́ mì, wọ́n lọ sùn pẹ̀lú ìrètí, wọ́n ní ó dàárọ̀.

Kí àkùkọ tó kọ, Eèrà tó ń lọ sóko gbọ́ ohùn kan lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ẹnì kan ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó gbé nǹkan wúwo dání, ó ń fi ohùn kékeré kọrin:

Lílé: Ìkòkò dé mi lọ́wọ́ tán o.
Ègbè: Ó ń yí gbirigbiri.
Lílé: Ọ̀dọ̀ ẹni tó yàn mí ló ń lọ.
Ègbè: Ó ń yí gbirigbiri.
Lílé: Òwìwí dájọ́, ó lọ sùn,
Ọdún mẹ́ta kò ní í pẹ́ pé.
Ègbè: Ó ń yí gbirigbiri.
Lílé: Bí n kò gbé e lọ, ta ni yóò tún mi yàn o?
Ègbè: Ó ń yí gbirigbiri.

Eèrà ní, "Alága, ẹ káàárọ̀ o. Níbo lẹ̀ ń gbé e lọ?"

Ìjàpá kó orí sínú.

Eèrà dúró. Ẹni tó ń gbé ìrẹsì wóóró kan láti Ìlaró dé Ayétòrò, kò sí sùúrù tí kò ní. Nígbà tó rẹ Ìjàpá, ó yọ orí jáde, ó ní, "Eèrà, fetí sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kí Ẹkùn má gba ìkòkò yìí lọ́wọ́ mi. Ṣé ó gbà á? Kò gbà á. Èmi ni mo fẹ́ fi ta á lọ́rẹ. Níbo ni Òwìwí ti sọ pé alága kò gbọdọ̀ ṣoore?"

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní èsì nínú ìwé òfin. Eèrà náà kò sì ṣí ìwé òfin. Ó fi ẹnu súfèé, gbogbo ilé rẹ̀ jáde: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, láti Ìgbógílà, láti Òwódé, láti Ọjà-Ọ̀dàn. Wọn kò lu Ìjàpá. Kí ni wọ́n fẹ́ lù lára igbá? Wọ́n gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ìjàpá kó orí sínú, wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kó ẹsẹ̀ sínú, wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àkùkọ dé sí àsìkò náà. Àkùkọ yìí ni oníròyìn igbó. Ó ní, "Iye tó wọlé kì í ṣe awo. Láti ọdún 2004, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala wà nípò mínísítà ètò ìnáwó, ni Àbújá ti ń tẹ ìpín oṣooṣù jáde, ti Ẹkùn kọ̀ọ̀kan àti ti agbo kọ̀ọ̀kan. Ogún ọdún ni mo fi ń kọ ọ́ láàárọ̀. Àárọ̀ ni ẹ̀yin kì í fẹ́ jí. Iye tó jáde ni kò sẹ́ni tó ń tẹ̀." Ojú ti gbogbo wọn. Ehoro fi etí bo ojú.

Ọ̀bọ, ọmọ Pólì, mú ẹfun Ìbẹ̀sè dání. Ó ní òun tilẹ̀ ti fẹ́ lo ìṣirò òun fún nǹkan. Àkùkọ ń pè é, Ọ̀bọ ń kọ ọ́, Eèrà ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wọnú igbá ẹ̀yìn Ìjàpá. Wọ́n fa ìlà, wọ́n pín in sí ojúlé ojúlé. Àárín òkè: èyí tó wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: owó olùkọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn: àwọn tó fẹ̀yìn tì. Oògùn ilé ìwòsàn. Ọ̀nà oko. Ẹ̀rọ omi, pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ tó gbà á. Ojúlé kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tí wọn kò kọ nǹkan kan sí. Wọ́n ní kí Ìjàpá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀.

Lílé: Èló ló wọlé lóṣù yìí o?
Ègbè: Kà á fún wa.
Lílé: Èló lẹ fi ra oògùn sílẹ̀?
Ègbè: Kà á fún wa.
Lílé: Èló ló bá Yánníbo dé yàrá?
Ègbè: Kà á fún wa.
Lílé: Aláìlórúkọ, ta lọmọ rẹ̀?
Ègbè: Kà á fún wa.

Ìjàpá bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó sáré bí Ìjàpá ṣe lè sáré mọ, ó dé Abẹ́òkúta nírọ̀lẹ́. Ó gbé ìkòkò sílẹ̀ níwájú Ẹkùn, ó ní, "Ọlọ́lá jùlọ, mo mú un wá." Ẹkùn na ọwọ́ sí ìkòkò. Ojú rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn Ìjàpá. Ó ka ojúlé àkọ́kọ́, ó ka èkejì, ó ka títí dé ojúlé tí kò lórúkọ. Ó fa ọwọ́ padà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, àwọn oníròyìn wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ohùn sókè, ó ní, "Ta ni ìwọ yìí? Ṣé o kò gbọ́ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ni? Gbé ìkòkò ìlú padà fún ìlú!"

Ìjàpá dé ilé, ó bẹ Yánníbo, ó ní, "Jọ̀wọ́, ọwọ́ mi kò dé ẹ̀yìn mi. Bá mi fi kànìnkànìn bó o." Yánníbo mú ọṣẹ, ó mú omi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rí orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ gbàgàdà gbagada. Ó bó ibẹ̀ nìkan, kò lọ. Ó gbé ọṣẹ sílẹ̀, ó ní, "Baálé mi, ẹ jẹ́ ká kúkú ṣe ẹ̀rọ omi náà."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn ìjàpá ti pín sí ojúlé ojúlé, tí ìlà sì yí ojúlé kọ̀ọ̀kan ká. Bí wọ́n bá ti rí i lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á yí i síbi oòrùn, wọ́n á kà á.

Ẹ̀kọ́ inú àlọ́ yìí kò jinlẹ̀. Òwìwí lè dá ìkòkò padà fún wa. Kò lè bá wa dìbò, kò sì lè bá wa béèrè ibi tí ọbẹ̀ gbà. Agbo tó bá jẹ́ kí ọwọ́ kan náà yan alága, kí ó sì di ìdérí mú, bó gba ìdájọ́ ọgọ́rùn-ún, alága rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé ìkòkò lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀gẹ́ kò ní í tán lóko Eèrà, ẹfun kò ní í tán ní Ìbẹ̀sè, ẹrù kò ní í yé kọjá ní Ìdí-Ìrókò. Ohun tó kù wá kù ni kí àwọn tó ni ín jí ní àárọ̀ tí Àkùkọ ń kọ.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Bí n kò bá purọ́, kí ó ró lẹ́ẹ̀mẹta.

Pó, pó, pó!